Ìtọ̀ Lemọ́lemọ́: Ìbéèrè Tí Àwọn Èèyàn Ń Béèrè àti Ìdáhùn Wọn

Ìgbà mélòó ló yẹ kí àgbàlagbà tọ̀ lójúmọ́?

Ẹni tó ń mu nǹkan bíi lítà 2 lójúmọ́ sábà máa ń tọ̀ ní ìgbà 6 sí 8 láàárín wákàtí 24. Lóru, ọ̀dọ́ lè sùn mọ́jú láìdìde. Ẹni tó ti lé ní ọdún 65 lè dìde lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kí ara rẹ̀ sì le koko. Ẹ má fi iye ìgbà nìkan ṣe òṣùwọ̀n ṣá o. Bíríkìlà tó mu pure water mẹ́jọ lójú oòrùn ti mu tó nǹkan bíi lítà 4. Bó bá tọ̀ ní ìgbà 10, ohun tó mu ló ń jáde. Ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé ìgbà 5 péré ló ń tọ̀, àmọ́ kó tó tú bẹ́líìtì, ó ti já sí ṣòkòtò. Ẹni kejì yìí ló yẹ kó wá ìtọ́jú. Àyípadà ni kí ẹ máa ṣọ́: bó ṣe ń ṣe yín lọ́dún tó kọjá kọ́ nìyí, tàbí ó ti ń dí oorun àti iṣẹ́ yín lọ́wọ́.

Kí n tó lọ sọ́sibítù, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ wọn ìtọ̀ yín fún ọjọ́ 3. Kò ná yín lówó, òun ló sì máa jẹ́ kí ẹ mọ èyí tó kàn yín nínú gbogbo ohun tí a kọ sísàlẹ̀ yìí.

Ẹ wá ike kan tí ara rẹ̀ tọ́, tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, tí ẹ sì lè rí inú rẹ̀ látìta. Ẹ da omi ìgò 50cl kan sínú rẹ̀, ẹ fa ìlà síbi tí omi dé. Mílílítà 500 nìyẹn. (Ìgò ló dáa jù fún èyí. Pure water tí wọ́n kọ 50cl sí lára kì í fi gbogbo ìgbà kún tó bẹ́ẹ̀.) Ẹ fi rúlà pín ìdí ike dé ìlà náà sí ọ̀nà 5 ọgbọọgba, ìlà kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 100. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ gàdàgbà sára ike náà kí ọmọ ilé kankan má fi bu omi mu.

Lẹ́yìn náà ẹ mú ìwé. Nígbàkígbà tí ẹ bá tọ̀, ẹ kọ aago, iye mílílítà, bí ó ṣe gbọ̀n yín tó láti 0 (kò gbọ̀n yín rárá) dé 3 (ẹ kò lè mú un mọ́ra mọ́), àti bóyá díẹ̀ ti já kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ mu àti ìwọ̀n rẹ̀, aago tí ẹ sùn àti aago tí ẹ jí. Ògì mímu jẹ́ omi o, bẹ́ẹ̀ náà ni tíì àti omi tí ẹ fi gbé oògùn mì. Kò pọn dandan kí ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ wà níbẹ̀, kí ọjọ́ ìsinmi náà wà níbẹ̀.

Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́: àwọn kan ń kọ ti ọ̀sán, wọn ò kọ ti òru. Àwọn mìíràn á dúró di alẹ́ kí wọ́n tó máa rántí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé bí ẹni náà bá ti mọ̀ pé òun ń wọn ìtọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ omi mu. Ẹ ṣe bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwé náà kò ní sọ òótọ́.

Báwo la ṣe ń ka ìwé ọ̀hún?

Ẹ ro ìtọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀. Àpò ìtọ̀ àgbàlagbà sábà máa ń gba mílílítà 400 sí 600, ìtọ̀ sì máa ń kọ́kọ́ gbọ̀n wá nígbà tó bá tó bíi 150 sí 200.

Bí àròpọ̀ yín bá ju lítà 3 lọ lójúmọ́, tí ẹ ń tọ 300 tàbí 400 lẹ́ẹ̀kan, àpò ìtọ̀ kò jẹ̀bi. Omi ló ń ya wọ ibẹ̀ jù. Ẹ wo ohun tí ẹ ń mu, kí ẹ sì lọ yẹ ṣúgà wò.

Bí àròpọ̀ bá jẹ́ lítà 1 sí 2, àmọ́ tí ẹ kì í tọ̀ ju 50 sí 150 lọ lẹ́ẹ̀kan, omi kò pọ̀. Àpò ìtọ̀ ni kò fẹ́ gbà á dúró, tàbí kò tú u jáde tán. Kòkòrò inú ìtọ̀ wà lábẹ́ èyí, próstéètì (ẹran kékeré tó yí ọrùn àpò ìtọ̀ ọkùnrin ká) náà wà níbẹ̀, àti oyún, àti ìju inú ilé ọmọ, àti àìrígbẹ́yà tó pẹ́, àti àpò ìtọ̀ tó kàn ń kánjú lásán.

Ẹ tún ro ti òru lọ́tọ̀: gbogbo èyí tí ẹ tọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti sùn, pẹ̀lú àkọ́kọ́ tàárọ̀. Bí ó bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta ti gbogbo ọjọ́ náà lọ fún ẹni tó ti lé ní 65, òru ni kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹsẹ̀, iyọ̀, ọkàn àti oorun ni ká yẹ̀ wò fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Oògùn ọ̀kan kì í ṣe oògùn èkejì. Ẹni tó ń tọ lítà 4 nítorí ṣúgà, tó wá ń ra oògùn próstéètì, owó rẹ̀ ń lọ, àtọ̀gbẹ sì ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Wọ́n ní bí èèrà bá bo ìtọ̀, àtọ̀gbẹ ni. Ṣé òótọ́ ni?

Àwọn àgbà kò parọ́. Nígbà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá kọjá nǹkan bíi 180 mg/dl, kíndìnrín kò lè gbà á padà tán mọ́. Á bá ìtọ̀ lọ, á sì fa omi dání. Ìdí nìyẹn tí ẹni náà fi ń tọ̀ púpọ̀, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tó sì ń rù bó tilẹ̀ ń jẹun. Àmọ́ ẹ má dúró de èèrà. Ṣúgà lè wà ní 150 láràárọ̀, tí ìyẹn sì ti jẹ́ àtọ̀gbẹ, kí èèrà kankan má yọjú. Ẹni tó sì ń fi omi ṣàn án lọ lẹ́yìn tó bá tọ̀ kò ní rí èèrà láéláé.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ ọ́. Láìjẹun fún ó kéré tán wákàtí 8, 126 mg/dl (7.0 mmol/l) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn tó sì rí bákan náà, àtọ̀gbẹ ni. Bí ẹ bá ti ń tọ̀ lemọ́lemọ́ tí òùngbẹ sì ń gbẹ yín, 200 nígbàkígbà lójúmọ́ ti tó ẹ̀rí. HbA1c, àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ṣe rí láti bíi oṣù 3 sẹ́yìn hàn, bó bá jẹ́ 6.5% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, náà jẹ́ ẹ̀rí. Omi lásán kò ba àyẹ̀wò àárọ̀ jẹ́, tíì oníṣúgà ló ń bà á jẹ́.

Ẹni tó ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tó ń jẹ́ dapagliflozin tàbí empagliflozin kó má fòyà bí ìtọ̀ rẹ̀ bá lé sí i. Bí oògùn yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ó ń ti ṣúgà jáde gba inú ìtọ̀.

Ìtọ̀ ń ta mí, díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde, ó sì ń rùn. Ṣé kí n ra kápúsù ní kẹ́mísítì?

Ó lè jẹ́ kòkòrò inú ìtọ̀, àmọ́ ẹ yẹ ìtọ̀ wò kí ẹ tó gbé kápúsù kankan mì. Bí ẹ bá ti lo méjì mẹ́ta, kòkòrò náà lè má yọjú nínú àyẹ̀wò mọ́, síbẹ̀ kó wà lára yín, kó sì ti kọ́ bí yóò ṣe máa bá oògùn yẹn jà.

Bí ẹ ṣe máa gbà á: ẹ fi omi fọ ojú ara, ẹ jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ dà nù, ẹ fi ike tí wọ́n fún yín gba ti àárín, ẹ jẹ́ kí ìyókù dà nù. Ẹ dé e, ẹ má fi ọwọ́ kan inú rẹ̀, kó sì dé yàrá àyẹ̀wò láàárín wákàtí kan sí méjì. Ìtọ̀ tó ti wà nínú báàgì láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ti hu kòkòrò tirẹ̀ lọ́nà. Èsì tó bá jáde níbẹ̀ kì í ṣe tiyín.

Àwọn obìnrin ló ń ní kòkòrò inú ìtọ̀ jù, torí pé ọ̀nà ìtọ̀ wọn kò gùn ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ti ọkùnrin tó bíi 20. Ohun tí wọ́n ń pè ní toilet infection yẹn, àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ́ ló sábà ń fà á. Inú ìfun ẹni fúnra rẹ̀ ni kòkòrò náà ti ń wá. Ẹ máa nu ìdí láti iwájú lọ sẹ́yìn, ẹ máa tọ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ẹ má fi ọṣẹ tàbí dẹ́tọ́ọ̀lù fọ inú ojú ara. Ìlóṣòó afẹ́fẹ́ tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń ló lórí àwo nítorí ìbẹ̀rù ìdọ̀tí, ó tún ń dá kún un: iṣan abẹ́ á le, ìtọ̀ kò sì ní tú tán. Ẹ nu àwo náà, ẹ tẹ́ ìwé sí i, ẹ jókòó.

Bí ọyún bá ń jáde lójú ara ọkùnrin tàbí obìnrin, ó lè jẹ́ àtọ̀sí. Tọkùnrin tobìnrin ni kí wọ́n jọ gba ìtọ́jú lọ́jọ́ kan náà, torí ẹni tó bá dá nìkan tọ́jú ara rẹ̀ á tún kó o padà.

Ọmọ mi ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán ní ìparí ìtọ̀ rẹ̀. Kí ni?

Bí ọmọ náà bá máa ń wẹ̀ lódò, ẹ ronú kan àtọ̀sí ajá. Kò kan ajá rárá. Aràn kékeré kan ló ń jáde lára ìgbín omi, tó ń gba awọ ara wọlé, tó sì ń yé ẹyin sára ògiri àpò ìtọ̀. Àwọn abúlé tó yí ìsédò Ọ̀yán ká ní ìpínlẹ̀ Ògùn mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìgbàgbọ́ àwọn kan pé ó jẹ́ àmì pé ọmọkùnrin ti ń bàlágà ti mú kí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọmọ sílẹ̀ láìtọ́jú. Ìtọ̀ tí wọ́n bá gbà láàárín aago 10 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán ni ẹyin aràn náà ń pọ̀ sí jù, nítorí náà ẹ má gbé ti ìdájí lọ. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, mílígíráàmù 40 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn oúnjẹ. Bí ọmọ bá padà sínú odò náà, aràn á padà sára rẹ̀.

Bàbá wa ti lé ní ọgọ́ta. Ó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, àmọ́ ó ń pẹ́ kó tó jáde, ó sì ń kán tótótó. Próstéètì ni?

Ó ṣeé ṣe gan-an. Próstéètì jẹ́ ẹran kékeré kan tó tó awùsá, tó yí ọrùn àpò ìtọ̀ ká. Bí ọkùnrin ṣe ń dàgbà ló ń tóbi, tó ń fún ọ̀nà ìtọ̀. Àpò ìtọ̀ á máa tiraka, kò ní tú tán, èyí tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ á jẹ́ kó tètè kún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà fi dí, síbẹ̀ tí bàbá ń lọ sílé ìtọ̀ léraléra.

Ohun tó lè ṣe lónìí: kó jókòó tọ̀. Bó bá parí, kó má dìde, kó sinmi fún ìṣẹ́jú kan, kó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Èyí máa ń mú díẹ̀ sí i jáde. Fún èyí tó ń kán sí ṣòkòtò lẹ́yìn tó ti parí, kó fi ìka tẹ ẹ̀yìn àpò epọ̀n, kó fà á bọ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ìtọ̀ tó há sọ́nà á jáde. Kó yẹra fún oògùn ọ̀fìnkìn àti ikọ́ tí pseudoephedrine tàbí chlorpheniramine wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá ni ìtọ̀ wọn ti sé pátápátá lóru ọjọ́ tí wọ́n ra oògùn ọ̀fìnkìn lásán.

Ní ọsibítù, ẹ bèèrè fún skáànì tó ń wọn ìtọ̀ tó kù lẹ́yìn tí ó ti tọ̀ tán. Kò sí wàhálà bí kò bá tó mílílítà 50; bó bá ju 200 lọ, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún PSA (èròjà kan tí próstéètì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀), torí pé jẹjẹrẹ próstéètì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ní Britain, ìṣirò wọn ni pé ọkùnrin dúdú 1 nínú 4 ló máa ní in láyé rẹ̀, nígbà tó jẹ́ 1 nínú 8 bí a bá kó gbogbo ọkùnrin pọ̀. Ẹ má dúró di ìgbà tí ìtọ̀ bá le. Láti ọdún 45 ni kí ẹ ti bá dókítà sọ̀rọ̀. Kí bàbá má ní ìbálòpọ̀ fún wákàtí 48 ṣáájú àyẹ̀wò PSA, kó sì jẹ́ kí ó tó ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn àrùn kòkòrò inú ìtọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èsì á ga láìnídìí.

Nípa oògùn próstéètì: tamsulosin ń ṣiṣẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ òòyì lè kọ́ èèyàn bó bá dìde lójijì. Bàbá gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà ojú pé òun ń lò ó bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un. Finasteride lọ́ra, ó tó oṣù 6 kó tó fi agbára hàn, ó sì ń gé PSA sí ìdajì. Dókítà tí kò bá mọ̀ pé bàbá ń lò ó lè ka 4 sí nǹkan kékeré, nígbà tó jẹ́ pé 8 ló yẹ kó rí.

Lóru ni tèmi. Ìgbà 4 ni mo ń dìde. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ wo kókósẹ̀ yín nírọ̀lẹ́. Bí ìbọ̀sẹ̀ bá ti fi ìlà jíjìn síbẹ̀, omi ló ti dúró sẹ́sẹ̀ látàárọ̀. Bí ẹ bá wá dùbúlẹ̀, omi náà á padà sínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀dọ̀ kíndìnrín ló sì ń lọ. Ẹni tó bá jókòó tajà látàárọ̀ tàbí tó wakọ̀ ọ̀nà jíjìn máa ń rí èyí gan-an. Láago 4 tàbí 5 ìrọ̀lẹ́, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ fi ìrọ̀rí gbé ẹsẹ̀ ga ju àyà lọ fún wákàtí kan, kí omi náà lè jáde kí ẹ tó sùn. Fífi ẹsẹ̀ rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nírọ̀lẹ́ tún ń ṣèrànwọ́. Ẹsẹ̀ wíwú tí ó bá èémí tó ń há mọ́ èèyàn lọ́rùn rìn, ọ̀rọ̀ ọkàn tàbí kíndìnrín nìyẹn, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbé e lọ.

Lẹ́yìn náà, iyọ̀. Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín bí a bá sọ ọ́, àmọ́ iyọ̀ ló ń dá omi dúró lára. Ní 2017 ni àwọn oníṣègùn Yunifásítì Nagasaki ní Japan gbé e jáde pé àwọn tó dín iyọ̀ wọn kù láti gíráàmù 10.7 sí 8.0 lójúmọ́, ìdìde òru wọn wálẹ̀ láti 2.3 sí 1.4. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má dé gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú, tòun ti màgí, ẹja oníyọ̀ àti ohun tí wọ́n rọ́ sínú índómì. Ọbẹ̀ ilé wa pọ̀ tó ti kọjá ìyẹn kí ó tó di ọ̀sán.

Omi: ẹ mu èyí tó pọ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kí ẹ dín in kù ní wákàtí 3 kí ẹ tó sùn. Ẹni tó ń jẹ ògì mímu, èso bàrà àti ìgò omi kan láago 9 alẹ́, kó má bi kíndìnrín léèrè ọ̀rọ̀ lóru.

Bí ọkọ tàbí aya yín bá ní ẹ ń hanrun, tí èémí yín sì ń dúró lójú oorun, ẹ sọ fún dókítà. Èémí tó ń sé lóru máa ń fẹ ọkàn, ọkàn á sì ránṣẹ́ sí kíndìnrín pé kó tú omi sílẹ̀. Àwọn kan ti lo oògùn àpò ìtọ̀ fún ọdún púpọ̀ nígbà tó jẹ́ pé èémí ló yẹ kí wọ́n tọ́jú.

Fún àwọn àgbàlagbà, ìṣubú lóru léwu ju ìtọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ gbé póò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ẹ jẹ́ kí iná kékeré wà, kí wọ́n sì jókòó sétí ibùsùn fún ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó dìde.

Ṣé kí n dín omi mímu kù ni?

Bí ìwé yín bá fi hàn pé ẹ ń mu lítà 4 láìsí oòrùn tàbí iṣẹ́ agbára, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dín in sí bíi lítà 2. Bí ẹ bá ń mu lítà kan péré, rárá. Ìtọ̀ tó ki, tó pọ́n bí epo, máa ń ta àpò ìtọ̀, á sì gbọ̀n yín sí i. Àwọ̀ ìtọ̀ ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n: kó dà bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n là mọ́ omi.

Ohun mímu wo ló ń fa ìtọ̀ jù?

Kọfí, Lípítọ̀n, kóòkì, àwọn ohun mímu agbára inú agolo, àti obì. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé kaféènì tó wà nínú kọfí wà nínú obì náà. Bàbá tó ní òun kì í mu kọfí lè ti jẹ ojú obì mẹ́fà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọtí bíà àti ẹmu wà níbẹ̀. Zobo náà ń lé omi jáde. Omi ọsàn àti ata máa ń ta àpò ìtọ̀ àwọn kan, kì í ta ti àwọn mìíràn. Ẹ mú ẹyọ kan kúrò fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ wo ìwé yín, kí ẹ tó mú òmíràn. Kọfí àti obì, ẹ fi díẹ̀díẹ̀ dín wọn kù, torí ẹni tó bá jáwọ́ lójijì, orí á fọ́ ọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Dókítà ní àpò ìtọ̀ mi kàn ń kánjú ni, kò sí àrùn. Báwo la ṣe ń kọ́ ọ?

Àpò ìtọ̀ dà bí ọmọ tí wọ́n bá gbé ní gbogbo ìgbà tó bá ké. Ẹni tó ń tọ̀ kí ó tó jáde nílé, kí ó tó wọkọ̀, kí ó tó jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ti kọ́ ọ láti máa ké nígbà tí mílílítà 80 péré bá wọ inú rẹ̀.

Ẹ wo inú ìwé yín kí ẹ mọ àyè tó máa ń wà láàárín ìgbà méjì. Ká ní wákàtí kan ni. Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa tọ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó gbọ̀n yín o, kò gbọ̀n yín o. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi ìṣẹ́jú 15 kún un. Ẹ máa fi 15 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ẹ ó fi dé wákàtí 3 sí 4. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá le, ẹ tún un ṣe, ẹ má padà sẹ́yìn. Lóru, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ọ̀sán ni ẹ̀kọ́ náà wà.

Bó bá gbọ̀n yín kí àkókò tó pé, ẹ má sáré. Eré sísá gan-an ló ń jẹ́ kó já. Ẹ dúró gbọn-in tàbí ẹ jókòó, ẹ fún iṣan abẹ́ pọ̀ kíákíá lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ ka nọ́ńbà láti 100 sẹ́yìn. Gbígbọ̀n náà dà bí ìgbì òkun: á ru sókè, á sì rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ìgbà tó bá rọlẹ̀ ni kí ẹ tó fẹsẹ̀ rìn lọ jẹ́jẹ́. Ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6 ni ẹ máa fún un. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọ̀pọ̀ ń sá, torí pé àyípadà kò tíì hàn nígbà yẹn.

Ẹ má ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí bí ìtọ̀ yín kì í bá tú tán, bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, tàbí bí ẹ bá lóyún.

Iṣan abẹ́ wo lẹ ń wí, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ ọ́n?

Iṣan tí ẹ fi ń dá isó dúró láàárín èrò. Ẹ fún un pọ̀, ẹ fà á sókè sínú, kí ikùn, itan àti ìdí má le, kí ẹ sì máa mí. Ẹ dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ tú u sílẹ̀ fún 5. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń lọ, ẹ gbé e dé 10. Ìgbà 10 nígbà kan, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún oṣù 3. Ẹ má sọ ọ́ di àṣà láti máa ṣe é nígbà tí ìtọ̀ ń jáde lọ́wọ́, torí pé ó ń jẹ́ kí ìtọ̀ ṣẹ́kù. Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kí èèyàn máa ti nǹkan sísàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yàgbẹ́, dípò kó fà á sókè. Fún obìnrin tó bímọ tí ìtọ̀ ń já bó bá ń wúkọ́ tàbí ń rẹ́rìn-ín, èyí ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, kó tó kan oògùn èyíkéyìí.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ń lò ló ń mú mi tọ̀ lemọ́lemọ́. Ṣé kí n dá a dúró?

Rárá o. Ẹ wo orúkọ rẹ̀. Furosemide àti Moduretic wà lára àwọn tó ń lé omi jáde. Àárọ̀ ni kí ẹ máa lò wọ́n, àyàfi bí dókítà bá sọ ohun mìíràn. Furosemide ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín wákàtí kan, ó sì ń parí ní bíi wákàtí 6, nítorí náà ẹni tó bá lò ó láago 8 alẹ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ pe òru àìsùn. Amlodipine kì í lé omi, àmọ́ ó lè jẹ́ kí ẹsẹ̀ wú, kí omi ẹsẹ̀ náà sì di ìtọ̀ òru. Dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀ fún yín.

Mo lóyún.

Oṣù 3 àkọ́kọ́ àti oṣù tó kẹ́yìn ni ó ń le jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba kíndìnrín kọjá ló pọ̀ sí i. Ní ìparí, orí ọmọ ló ń tẹ àpò ìtọ̀. Ẹ máa tẹ̀ síwájú díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tọ̀ kó lè tú tán. Bó bá ń ta yín tàbí ara yín gbóná, ẹ má ka ìyẹn mọ́ oyún: kòkòrò inú ìtọ̀ lè mú kí ọmọ wá kí oṣù rẹ̀ tó pé.

Àgbo ńkọ́?

A ò ní kí ẹ má mu ohun tí ìyá yín ń sè fún yín. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀pọ̀ àgbo tí wọ́n ń tà fún ìtọ̀ ní gáréèjì, inú ọtí ni wọ́n rẹ ẹ́ sí, ọtí sì ń fa ìtọ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣe kì í mọ iye èròjà tó ń wọ inú rẹ̀ nínú ife kan. Bí ẹ bá ti mu ún fún ọ̀sẹ̀ 2 láìsí ìyàtọ̀, ẹ ti fún ṣúgà tàbí próstéètì ní ọ̀sẹ̀ 2 láti máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdún 7 mi ṣì ń tọ̀ sílé. Ṣé ó wà lára èyí?

Bí kò bá tíì jáwọ́ rí, ìdàgbàsókè rẹ̀ ló lọ́ra, kò sì yẹ kí ẹ nà án. Ẹ jẹ́ kó tọ̀ kó tó sùn, ẹ sì tọ́jú àìrígbẹ́yà bó bá ní in. Àmọ́ ọmọ tó ti jáwọ́ fún oṣù púpọ̀, tó wá padà sí i, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ tó sì ń rù, ẹ gbé e lọ yẹ ṣúgà wò lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ìgbà wo ni kí n sáré lọ sọ́sibítù láìdúró wọn ìtọ̀ kankan?

Bí ìtọ̀ bá sé pátápátá tí ìsàlẹ̀ ikùn sì le tó ń ro. Wọ́n á fi rọ́bà tú u jáde, ẹ má mu omi sí i láti fi tì í. Bí ara bá gbóná tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ń ro, tí òtútù ń mú yín gbọ̀n. Bí ẹsẹ̀ bá ṣàdédé rọ tàbí abẹ́ kú tipiri lẹ́yìn ẹ̀yìn ríro. Bí ẹni tó ń tọ̀ púpọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó ń mí gúlegúle, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dàrú. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, pàápàá èyí tí kò dunni, kò ní kí ẹ sáré lóru, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn parí kí dókítà tó rí yín, kódà bí ẹ̀jẹ̀ náà bá ti dáwọ́ dúró.